Ọ̀rọ̀ Kọjá ní Ibodè Ìlléla

Ilé Mállàm Sání,
Runjin Sambo,
Sókótó.
Ọjọ́ Àìkú, Oṣù Kẹta, 1986.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékúmù. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Sókótó níhìn-ín. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ṣé orúnkún yín ti ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu? Ṣé ooru Ìlọrin kò mú yín jù? Tiwa níhìn-ín ti dé, ẹni tó bá bọ́ bàtà lọ́sàn-án, eré ni yóò máa sá. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la wà láàyè, àlùhàmdùlílàhì. Ọmọ yín, bàbá Ọpẹ́láyọ̀, ń kí yín. Ọpẹ́láyọ̀ náà ń kí ìyá rẹ̀ àgbà. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ti lè ka oókan dé ogún ní èdè Haúsá. Ó lè kà á lóòótọ́, àfi pé ojoojúmọ́ ló ń fo eéje.

Mo mọ̀ pé Àǹtí Àgbékẹ́ ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra kà á, ẹ má sì fo ibì kankan bí ó tilẹ̀ gùn. Ọpẹ́ ni mo fẹ́ dá, oore tí mo fẹ́ dúpẹ́ lé lórí kò sì ṣe é kó sínú ìlà méjì.

Ìyá mi, ẹ ó rántí ọdún tí àwọn ọ̀gá mi mú orúkọ mi pé kí n lọ sí Íńdíà lọ kọ́ bí a ṣe ń tún fíríìjì oògùn ṣe. Ọpẹ́láyọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni. Nínú pálọ̀ yín ni àwọn àgbà ẹbí péjọ sí, tí wọ́n ń bèèrè pé irú obìnrin wo ló ń fi ọmọ sílẹ̀ lọ sí ìlú tí kò ti gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni. Ọmọ yín tẹ orí ba. Èmi ti gbà nínú ara mi pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Ẹ̀yin lẹ dìde, tí ẹ gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi, tí ẹ sì pọ̀n ọ́n lójú gbogbo wọn. Ẹ ní, “Ẹ̀yìn tí mo fi pọ̀n bàbá rẹ̀ nìyí, kò tíì kán. Kí ìyàwó mi máa lọ.”

N kò tíì ráyè jókòó sọ ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ fún yín. Èrò mi ni pé òyìnbó ni yóò kọ́ wa. Ìgbà tí a dé kíláàsì ní ìlú Bangalore, ọkùnrin kan tó dúdú bí èmi ló wọlé, ó wọ sálúbàtà, irun etí rẹ̀ ti funfun. Ọ̀gbẹ́ni Raghavan lorúkọ rẹ̀. Ọwọ́ ló fi ń jẹ ìrẹsì bíi tiwa. Ó ní àdéhùn wà láàrin àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè bọ̀ pé èyí tó bá mọ nǹkan kí ó kọ́ èyí tí kò mọ̀ ọ́n, kí a yéé máa jókòó de ẹni tí ń bọ̀ láti òkè òkun. Ó ní àwọn náà dúró bẹ́ẹ̀ rí. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, wọn á fi aṣọ bò ó, wọn á máa retí òyìnbó tó tà á fún wọn. Ó ní, “A retí títí aṣọ fi gbó lórí ẹ̀rọ. Ìgbà tó sú wa la tú u. Ẹ̀yin náà, ẹ tú u! Ènìyàn ló dè é.”

Àwọn tí a jọ wà níbẹ̀ wá láti Gánà, láti Tàńsáníà, láti Bàngìládéèṣì, ẹnì kan sì wá láti Nìjẹ̀ẹ́, èyíinì ni Ísúfù ará Konni. Ẹ ò mọ Konni, Ìyá mi. Kò jìnnà sí wa rárá. Ẹni tó bá jẹun àárọ̀ ní Sókótó lè jẹ tọ̀sán ní Konni bí ọ̀nà bá ṣí. Ṣùgbọ́n èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ Ísúfù níwèé, Gẹ̀ẹ́sì tí olùkọ́ wa ń sọ kò sì yé e dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, mo gbọ́ tí ó ń kùn lábẹ́ ẹnu pé, “Wallahi, ban gane ba.” Ìyẹn ni pé òun búra, kò yé òun. Mo kọjú sí i, mo fi Haúsá ṣàlàyé fún un. Ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ mi! Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ògbufọ̀. Haúsá tí mo kọ́ lẹ́nu àwọn obìnrin Runjin Sambo nídìí ẹ̀rọ omi ni mo fi ń túmọ̀ ẹ̀kọ́ iná mànàmáná ní Íńdíà. Ísúfù náà kò jẹ́ kí n pàdánù. Ọwọ́ rẹ̀ dára nídìí bátìrì ju tèmi lọ, bí mo bá ṣe é tí kò gún, á tú u, á ní kí n tún un ṣe.

Nígbà tí a darí dé, wọ́n fún Sókótó ní fíríìjì kan tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́, wọ́n sì fún Konni ní irú rẹ̀. Ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí Mabera la gbé tiwa sí. Bàbá Ọpẹ́láyọ̀ ló jó irin tó gbé àwọn dígí oòrùn náà dúró lórí òrùlé, ó jó o bí ẹni tó ń ṣe ibùsùn ìyàwó. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ kò le yé yín: dígí náà á fa agbára oòrùn, á rọ ọ́ sínú bátìrì, bátìrì á sì máa bọ́ fíríìjì tọ̀sán-tòru. Láàrin dígí àti bátìrì, àpótí kékeré kan wà bí aṣọ́nà. Bí bátìrì bá ti yó, á ti ilẹ̀kùn. Bí ebi bá tún ń pa á, á ṣí i. Àpótí yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ní oṣù tó kọjá, bí ọyẹ́ ti ń lọ tí ooru ń wọlé, àrùn yírunyírun bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn abúlé kan lẹ́yìn ìlú. Sankarau ni àwọn Haúsá ń pè é. Kí a tó mọ̀, ó ti wọ àdúgbò wa. Láwàlí, ọmọ Mállàm Sání onílé wa, ló kọ́kọ́ mú níhìn-ín. Ẹ mọ̀ ọ́n, ìyẹn èyí tó gbé àpò yín wọlé nígbà tí ẹ wá kí wa, tó kọ̀ pé òun ò gba ohunkóhun. Ó jí pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí, ọrùn rẹ̀ le gan-an, kò lè wo ilẹ̀ mọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, a ti sin ín. Ìyá mi, mo gbọ́ igbe ìyá rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri, mo sì dì mọ́ Ọpẹ́láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ náà fi ní mò ń ṣe òun léṣe.

Ìjọba kó abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ dé láti Kàdúná. Abẹ́rẹ́ yìí kò gbọdọ̀ kúrò nínú òtútù, bí ooru bá ti bà á jẹ́, omi lásán lẹ ń gún sára ọmọ. Ó wá bọ́ sí àkókò tí ẹ̀rọ iná NEPA tó wà fún agbègbè wa jó, ìlú ṣókùnkùn. Gbogbo abẹ́rẹ́ náà ni wọ́n kó wá sínú fíríìjì oòrùn, sábẹ́ ọwọ́ mi. Dókítà ní, “Ràfíátù, ọmọ àwọn èèyàn ló wà nínú fíríìjì yẹn o.” Mo ní mo gbọ́, sà.

Kí wọ́n tó fọ́n àwọn nọ́ọ̀sì ká sí abúlé láti bẹ̀rẹ̀ sí í gún un, àpótí aṣọ́nà náà kú. Mo dé ibi iṣẹ́ lówùúrọ̀, mo gbóòórùn jíjó. Bátìrì kan ti hó títí omi inú rẹ̀ fi ń ṣàn sílẹ̀. Mo ṣí àpótí náà, inú rẹ̀ ti dúdú. Mo wá àwọn nọ́ńbà tó yẹ kó wà lára àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀, kí n lè mọ irú èyí tí n ó wá rọ́pò wọn, kò sí nǹkan kan. Àwọn tó ṣe é ti ha gbogbo rẹ̀ dànù, kí ẹlòmíràn má baà mọ bí wọ́n ti ṣe é. A fi tẹ́líìsì ránṣẹ́ sí wọn lókè òkun. Wọ́n fèsì pé wọn ó fi òmíràn ránṣẹ́, yóò sì dé ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta.

Oṣù mẹ́ta! Nígbà tí ọmọ ń kú ní ọjọ́ méjì!

A wá yìnyín káàkiri. Àwọn tó ń ta ẹja dídì fún wa ní tiwọn, ọ̀gá onílé ọtí kan ní Sama Road fún wa ní tirẹ̀, a kó o yí abẹ́rẹ́ náà ká, nọ́ọ̀sì kan sì jókòó ti òṣùwọ̀n òtútù bí ẹni jókòó ti aláìsàn. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé yìnyín kò ní í pẹ́ tán nílùú. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti lọ sọ́dọ̀ Ísúfù. Irú fíríìjì kan náà ni tiwọn, ooru kan náà ló ń pa wá. Ṣùgbọ́n báwo ni n ó ṣe rí i? Ẹ mọ̀ pé ó ti tó ọdún méjì tí ìjọba ti ti ibodè àwa àti Nìjẹ̀ẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìhà kìíní àti ìkejì nìkan ni wọ́n gbà láyè kí wọ́n máa pàdé lẹ́nu ibodè ní Ìlléla, kí wọ́n sọ ibi tí àrùn dé fún ara wọn, kí oníkálùkù sì padà sílé. Mo ní kí wọ́n bá mi jíṣẹ́ fún un. Èsì dé: Ísúfù ní kí n wá ní Ọjọ́bọ̀, tiwọn náà ti jó rí, òun ó gbé àpótí kan wá fún mi.

Lándírófà ilé ìwòsàn ló gbé mi lọ. Àwọn ṣọ́jà ti to àgbá sójú títì, wọ́n fi igi gbọọrọ dábùú rẹ̀. Mo rí Ísúfù lódìkejì, ó ti rù díẹ̀, ó gbé àpótí náà mọ́ àyà. A bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ sí ara wa bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n ṣọ́jà tó wà nídìí igi náà na ọwọ́. Ó ní, “Babu abin da zai wuce,” pé ohunkóhun kò ní í kọjá. Mo fi ìwé dókítà hàn án. Ó kà á, ó dá a padà. Ó ní ìwé náà dára, ṣùgbọ́n ọ̀gá òun kò fọwọ́ sí i, ọ̀gá òun sì ti lọ sí Kàdúná. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Àǹtí, ọmọ tèmi wà ní Gúsáù. N kò burú. Wọ́n ti ti ẹlẹgbẹ́ mi mọ́lé nítorí páálí ṣúgà kan tó jẹ́ kó kọjá.” Mo rí i lójú rẹ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Mo jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, mo sunkún, Ìyá mi. Mo ń wo nǹkan tí mo fẹ́ lókèèrè bí ibi tí ènìyàn lè ju òkò dé, kò sì sí bí ó ṣe lè dé ọwọ́ mi.

Ísúfù kígbe láti ọ̀hún, “Ràfíátù! Kí ni wọ́n ní kó má kọjá?”

Mo ní, “Ẹrù!”

Ó ní, “Ọ̀rọ̀ ńkọ́?”

Gbogbo wa wo ṣọ́jà. Ṣọ́jà wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní, “Wọn kò sọ nǹkan kan fún mi nípa ọ̀rọ̀.”

Ni Ísúfù bá jókòó sílẹ̀ nínú yanrìn lọ́hùn-ún, nínú oòrùn yẹn, ó tú àpótí tó gbé wá. Ó ń gbé ẹ̀yà rẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan kí n rí i. Ó ní nígbà tí tiwọn jó, òun kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ dànù. Ó ní lára ọkọ̀ ògbólógbòó tó ti dógùn-ún, a máa ń rí irin kékeré kan tí wọ́n fi wáyà yí lára, èyí tó ń ṣọ́ bátìrì ọkọ̀. Ìyẹn lòun fi rọ́pò. Iṣẹ́ kan náà ni: bí iná bá pọ̀, á já ara rẹ̀, bí kò bá tó, á tún padà fara kan ibi tó ti já. Kìkì pé ènìyàn gbọ́dọ̀ tún sípíríǹgì rẹ̀ ṣe, nítorí pé ti ọkọ̀ le ju ti oòrùn lọ. Afẹ́fẹ́ ń gbé ohùn rẹ̀ lọ. Ìgbà tí n kò gbọ́ apá kan, ṣọ́jà náà súnmọ́ àárín, ó kọjú sí mi, ó ní, “Ó ní kí o dẹ sípíríǹgì yẹn díẹ̀díẹ̀, má fà á lẹ́ẹ̀kan náà!” Láti ìgbà náà ló ti di ògbufọ̀ tiwa. Nígbà tó parí, Ísúfù ní kí n ka gbogbo rẹ̀ padà fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀, bí Ọ̀gbẹ́ni Raghavan ti máa ń ṣe fún wa. Mo kà á. Mo ṣi ibì kan, ṣọ́jà ló tún un ṣe.

Bí mo ti dé Mabera, ìsọ̀ ọmọ yín ni mo gbà lọ tààrà. Ṣítù réwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, gbé irú irin náà jáde láti ara lọ́rì kan tó ti ń kó ẹ̀pà láti ìgbà tí a ò tíì bí wa, bí ẹni ń ṣeré. Àwa mẹ́ta la dì í mọ́ ìdí dígí náà. Ẹ̀ẹ̀kíní, mo dẹ sípíríǹgì jù, kò jẹ́ kí iná wọlé rárá. Mo tún un ṣe, ó le jù, bátìrì tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Bàbá Ọpẹ́láyọ̀ bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi ṣíji bo ojú mi kúrò nínú oòrùn kí n lè ríran. Mo tún fọwọ́ kàn án. Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí bátìrì yó, a gbọ́ ọ: ó dún kẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi eyín tẹ èèpo ẹ̀pà. Ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó tún dún kẹ́. Ó ṣí i. Ṣítù fò sókè. Èmi dojúbolẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun.

Dókítà yẹ òṣùwọ̀n òtútù wò, ó ní yìnyín wa gbé e dé ibi tó yẹ, abẹ́rẹ́ náà kò bàjẹ́. Wọ́n gún un fún àwọn ọmọ Runjin Sambo àti Mabera, wọ́n sì gbé e dé àwọn abúlé. Ọjọ́ tí wọ́n gún ti àdúgbò wa, ìyá Láwàlí ló kọ́kọ́ dé. Ó mú àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tó kù dání. Nígbà tó kan Ọpẹ́láyọ̀, tó fẹ́ sá, obìnrin náà ló gbé e lé ẹsẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń fi orin kékeré kan tàn án. Lẹ́yìn náà ó wò mí, ó ní, “Allah ya saka da alheri,” pé kí Ọlọ́hun fi rere san án fún mi. Mo ní àmín, Ìyá mi. Ohun tí a ṣe kò bá Láwàlí láyé. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ lẹ́nu ọ̀nà onílé wa, mo ṣì máa ń rò pé òun ni.

Àrùn náà ti rọlẹ̀ báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọ̀gá kan wá wo fíríìjì náà. Wọ́n bi mí pé ta ló kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí. Mo ní Ọ̀gbẹ́ni Raghavan ará Íńdíà, àti Ísúfù ará Konni, àti Àlájà Ọlábíyìí, ìyẹn ẹ̀yin gan-an, Ìyá mi. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Yunifásítì wo ni Àlájà yẹn wà?” Mo ní, “Ìlọrin ló wà, sà.” Ó mi orí, ó ní wọ́n ní àwọn ènìyàn dáadáa níbẹ̀. N kò tún un ṣe, torí pé n kò rí irọ́ nínú rẹ̀.

Wọ́n ti ní kí n máa kọ́ àwọn mẹ́fà kan láti ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ obìnrin, ọ̀kan sì lóyún. Ó bi mí pé báwo ni mo ṣe ṣe é nígbà tèmi. Mo sọ nípa yín fún un. Ó ní òun ó bá ìyá ọkọ òun sọ̀rọ̀.

Ìyá mi, Ọlọ́hun á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa nínú ìlera. Ẹsẹ̀ yín kò ní í rẹ̀ yín, ojú yín kò ní í ṣú, ẹ kò ní í sunkún ọmọ. Bí ẹ ti tú mi sílẹ̀ láìdá mi lẹ́bi, Ọlọ́hun á tú gbogbo ìdè tó bá kù lọ́rùn àwọn ọmọ yín. Ẹ bá mi kí àwọn àgbà ẹbí, gbogbo wọn pátá, àti àwọn tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ ni wọ́n ń bẹ̀rù fún, èmi náà sì bẹ̀rù.

Èmi ni ìyàwó yín tí ẹ sọ di ọmọ,
Ràfíátù.

Mo tún rántí: Mo ti ń wá gọ́ọ̀mù láti fi lẹ lẹ́tà yìí nígbà tí bàbá Ọpẹ́láyọ̀ sáré wọlé pé rédíò ní ìjọba yóò ṣí ibodè. Àwọn awakọ̀ ti ń tẹ fèrè ní Sama Road bí ọjọ́ ọdún. Ara mi kò gbà á mọ́, mo ti ránṣẹ́ sí Ísúfù pé kó mú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá kí a kó wọn pọ̀ mọ́ tèmi, kí a jọ jókòó yí tábìlì kan ká. Faransé ni tiwọn, Gẹ̀ẹ́sì ni tiwa, a ó fi Haúsá kọ́ gbogbo wọn. Mo tún ránṣẹ́ sí Ìlléla pé bí ṣọ́jà yẹn bá gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́, àga rẹ̀ wà nílẹ̀.